Ẹnu Tí Kò Ní Ìlẹ̀kẹ̀

"Wọ́n ní bàbá yẹn ti fún..."

"Fún ta?"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Wọ́n ní obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé nígbà tó fẹ́ kú, ló bá gbọ́ tó ní kí wọ́n gbé..."

"Omi rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Fún ajá."

"Ajá wo?"

"Ajá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọ̀bọ, gbogbo ohun tó wà lọ́gbà ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìbídùn wà nílẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì ní..."

"Ẹ dákẹ́. Olùgbọ́ ló ń bọ̀ yẹn."

Èmi ni Olùgbọ́ tí wọ́n ń wí, ẹni tó ń fi etí gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tó ń kú. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi kọjá lára wọn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, mo sì lọ dúró lẹ́yìn ìlà. Ojú mi wà nílẹ̀ bíi ti ìgbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gé jẹ lẹ́nu ara wọn yẹn, inú mi ni odindi rẹ̀ wà. Mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí àwo tó ń dá irọ́ mọ̀ fi máa wà lábẹ́ ọwọ́ mi ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tó kàn mí, mo na ọrùn sí ẹ̀rọ omi. Ojú rẹ̀ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi. Ó ní, "Àwẹ̀ró, gba tìrẹ." Omi yọ, ó sì dá. Ẹ̀kán kan já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ajá pupa kan tó ti ń wò wá láti ẹ̀yìn ògiri sáré wá, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti fi bàtà tẹ ẹ̀kán náà mọ́lẹ̀ kí ajá tó dé ibẹ̀.

"Má bínú," obìnrin náà sọ ọ́ fún ajá, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Mo lọ́mọ nílé. Ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́ ẹni tó bá fún ẹranko lómi."

Ajá náà lá etí bàtà rẹ̀.

Bùrọ̀dá Ṣiyanbọ́lá ló pè é kúrò níbẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ Ọgbà Àánú, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹranko tí ìlú ti lé dànù sí. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sì wà lára okùn náà, ti àwọn mẹ́ta tó rántí ẹranko nígbà tí wọ́n ń kú. Ó na àkọ́kọ́ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ní, "Adéyọyin, gba tìrẹ." Ó ti pẹ́ tí Ìyá Adéyọyin ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀, ó ń pè é bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

"Àwẹ̀ró," ni Bùrọ̀dá Ṣiyanbọ́lá wí bó ti ń gba omi, "mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ ṣé, bùrọ̀dá."

"Mi ò ní bi ọ́. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹranko tó máa mu."

Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Èyí tí ò mu ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ọgbà ni mò ń mú un lọ." Ó dé agolo rẹ̀ pa. "Wọn kì í bá mi jà. Ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ lé mi, torí èmi náà ni mo máa ń fún wọn lómi."

*

Nígbà tí mo délé, Bùrọ̀dá Adéwùsì wà lórí bẹ́ǹṣì ìyá àgbà mi pẹ̀lú ẹ̀wù eérú tí àwọn Ìgbìmọ̀ Omi ń wọ̀. Òun ni àkọ́bí bàbá tó kú, Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n. Àbúrò rẹ̀, Ìbídùn, jókòó sórí ẹní, ó gbé ọmọ tuntun sẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí yẹn ló fi kọ́ mi níṣẹ́, mi ò dé ilé ìwé kankan: ó máa ń sọ̀rọ̀, èmi á sì bó hóró kan fún ọ̀rọ̀ kan. Tó bá parí, màá máa dá hóró wọ̀nyẹn padà sínú igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa ka ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e. Bí hóró kan bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, a ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bùrọ̀dá. Àǹtí, ẹ kú ọwọ́ lómi."

"Dìde, Àwẹ̀ró," ni Bùrọ̀dá Adéwùsì wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ la wá."

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Ẹ sọ pé ọ̀dọ̀ tèmi lẹ wá. Olùgbọ́ tó ru ọ̀rọ̀ òkú kì í gba àlejò."

"Ọ̀dọ̀ yín náà ni, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ta sí i létí, a ò lè ti etí pa."

"Òfin lè tì í pa," ni ìyá àgbà wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olùgbọ́ tí àwo bá pupa lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n ń dà sí i létí méjèèjì. Ọ̀kan wà ládùúgbò wa. Ó máa ń jókòó síwájú ilé, á máa wo ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀.

Bùrọ̀dá Adéwùsì yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò, ó gbé e ka orúnkún. Ohùn bàbá rẹ̀ jáde níbẹ̀, ohùn náà gan-an, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn náà ní, "Ọmọ Ìbídùn ni kẹ́ ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ mi fún o. Ọmọ ọmọ mi ni."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín wàyí. "Adéwùsì, bó o bá tẹ̀ ẹ́ sí i, bàbá rẹ á kọrin Kérésì fún wa. Ó dáa. Látìgbà tí ẹ̀rọ ti ń fi ohùn òkú tọrọ nǹkan lọ́wọ́ alààyè ni ìlú ti padà sídìí etí ọmọ èèyàn. Gbé e sápò."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo kàn fẹ́ kí Àwẹ̀ró gbọ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ ni."

Ìbídùn gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ọ̀la ni ìkómọ," ló sọ fún mi. "Tí kò bá ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn lọ́la, ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ á wá gbé e."

Mo mọ̀. Gbogbo ìlú wa, Abàtàgbẹ, ló mọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun ò sí mọ́. Ẹni tó kú ni ẹni tí a bí ń gba ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, kí ẹnu má bàa pọ̀ ju omi lọ. Ọmọ tí kò bá rí òkú kankan jogún, etí òkun ni wọ́n ń gbé e lọ, sí ibi tí omi ti bo ìlú. Wọ́n ní ibùdó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì padà wá sọ bó ṣe rí.

Ìbídùn na ọmọ náà sí mi. "Gbé e."

Mo gbé e. Ó fúyẹ́. Ètè rẹ̀ ti sán bí ẹnu ìkòkò àtijọ́, ó sì ń wá ọmú lára bùláòsì mi. Ìyá àgbà ti sọ fún mi rí pé láyé àwọn, wọ́n máa ń da omi sórí òrùlé níjọ́ ìkómọ, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kó lè kán sí i lára, kó ké, kí gbogbo ilé máa yọ̀. Iyanrìn la ń dà báyìí. Àwọn ọmọ máa ń ké náà.

"Èyí tí mò ń mu ló ń di wàrà," ni Ìbídùn wí. "Kò tó èmi nìkan mọ́. Ó ń fa ọmú, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Bùrọ̀dá Adéwùsì gbé ìgò kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Egbòogi ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Kò korò. Bó o bá mu ún báyìí, kó o tó dé gbọ̀ngàn, àyà rẹ á rọ̀ bí òwú. Ohun tí mo bá kọ́ ọ lo máa sọ, àwo ò ní yí àwọ̀."

"Èyí tí mo gbọ́ ńkọ́, bùrọ̀dá?"

"Á pa á rẹ́. Ìyẹn náà dáa fún ọ. Ta ló fẹ́ máa ru ẹnu òkú kiri?" Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù. "Ká tiẹ̀ ní òótọ́ lo fẹ́ sọ. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ máa ń gbọ̀n bó o bá ń ra iyọ̀. Ní ìjẹta, nígbà tó o jẹ́rìí fún ilé alágbẹ̀dẹ, ṣé àwo ò pọ́n, tó kù díẹ̀ kó pupa? Àwo yẹn ò mọ ìtìjú yàtọ̀ sí irọ́. Bó bá pupa, ìlẹ̀kẹ̀ bàbá mi á padà sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀. Ọmọ yìí ò ní rí i, àwọn ẹranko ò ní rí i, ìwọ náà ò sì ní gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ mọ́. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Ó ti jáde kí Ìbídùn tó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o purọ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbí mo ń bẹ̀ ọ́ ni. Mi ò mọ̀ mọ́, Àwẹ̀ró."

*

Ó kù èmi àti ìyá àgbà. Mo mú ẹ̀gúsí díẹ̀, mo ń bó o.

"Ìyá àgbà, bí ẹnì kan bá ń kú lọ, tó wá..."

"Má sọ fún mi."

"Mi ò ní sọ. Bí ẹnì kan bá pín tirẹ̀ tán, tí kò sì dákẹ́, tó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ?"

"Ohun tó pín nínú tirẹ̀ nìkan ni òfin ń mú ṣẹ. Ìyókù, etí ló wà fún."

"Ṣé mo lè fi ìyókù sílẹ̀?"

Ó ronú sí i. "Àwọn kan máa ń gé ìrù ọ̀rọ̀ kí ilé má bàa tú. Àwo ò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó dákẹ́ ò purọ́." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kú, tí èémí ń wọ́n ọn, ṣé torí kí ó lè kú sínú rẹ ló ṣe sọ ọ́?"

Mo bó hóró kan. Mo bó òmíràn.

"Ọmọ náà ńkọ́, mà?"

"Mo rí i. Mo lójú."

"Bí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́..."

"Mi ò lè sọ fún ọ pé òótọ́ á fún ọmọ yẹn lómi. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, oníjìbìtì ni. Ó lè pa á." Ó ń wo ìgò tó wà nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. "Bí o bá mu nǹkan yìí, mi ò ní lé ọ nílé. Oúnjẹ rẹ á wà níbi tó máa ń wà. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé kò ní sí Olùgbọ́ nínú ilé yìí mọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ kú ládùúgbò yìí, Adéwùsì ló máa sọ ohun tó wí."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́, Àwẹ̀ró. Mi ò mọ bí a ṣe ń kọ́ èèyàn ní ìyẹn."

Mo di ìgò náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi, mo sì wọ bàtà.

*

Gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn tó ń gé ọ̀rọ̀ jẹ nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ti wá jókòó síwájú. Bùrọ̀dá Ṣiyanbọ́lá dúró sẹ́yìn, torí wọn ò fún un lága. Ìyá Adájọ́, obìnrin arúgbó tó fọ́ lójú kan, jókòó sẹ́yìn tábìlì, àwo funfun sì wà níwájú rẹ̀.

Bùrọ̀dá Adéwùsì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi. Ó wo ojú mi bóyá egbòogi ti wọ̀ mí lára. Mo tú ìṣẹ́tí ìró, mo na ìgò sí i ní ọwọ́ méjèèjì, bí a ti ń na nǹkan sí àgbà.

"Bùrọ̀dá, ẹ gba nǹkan yín."

Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó kún dé ọrùn. Kò pariwo. Ó tẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Ọmọ yẹn ti wà lọ́rùn rẹ."

Mo lọ jókòó níwájú tábìlì. Mo gbé ọwọ́ lé àwo, ó tutù, kò sì tíì pẹ́ rárá tó ti pọ́n bí òróró.

"Kò tíì lanu tó ti pọ́n," ẹnì kan wí lẹ́yìn mi, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀," ni Ìyá Adájọ́ wí. "Olùgbọ́, ṣé o gbọ́ Ọ̀kánlàwọ́n ọmọ Àjàgbé kó tó kú?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ?"

"Ó mọ̀ ọ́n, mà."

"Gbé e wá fún wa bó ṣe wà. Sọ̀rọ̀ sókè, a kì í ṣe kòkòrò."

Mo wo àwo náà. Etí rẹ̀ kan ti ń pọ́n sí i, ó ń lọ sí pupa. Mo rí Ìbídùn lórí àga iwájú, ó fi ìka rẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu kó máa fà á. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún wò ó, màá sọ ohun tó fẹ́. Mo di ojú. Mi ò wo àwo mọ́, mi ò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Mo jókòó bí bàbá yẹn ti jókòó, pẹ̀lú èjìká òsì nísàlẹ̀, mo mí bó ti ń mí, kúkurú, kúkurú, mo sì wú ikọ́ rẹ̀.

"Ó ní: 'Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Olùgbọ́ ni? Má dá mi lóhùn, mo mọ òfin yín. Èmi Ọ̀kánlàwọ́n, ọmọ Àjàgbé, tó bá wọn ri páìpù ìlú yìí mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ omi mi, Ọgbà Àánú ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Kì í ṣe Ṣiyanbọ́lá ni mo fún, ẹranko ni mo fún. Kí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà kí àwọn yòókù mu.'"

Ariwo sọ. Mo gbọ́ tí Ìbídùn mí èémí kan tí kò tú u sílẹ̀. Ẹnì kan ṣépè fún òkú. Ìyá Adájọ́ fọwọ́ lu tábìlì títí ibẹ̀ fi pa rọ́rọ́.

"Ó ti pín tirẹ̀," ló wí. "Ṣé ó parí, Olùgbọ́?"

Ibẹ̀ ni ìrù ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá ní ó parí, wọ́n á ní kí n gbọ́wọ́ kúrò, màá sì lọ sílé. Mo gbọ́ tí bàtà Bùrọ̀dá Adéwùsì gbé ìgbésẹ̀ kan sún mọ́ mi.

"Kò parí, mà."

"Sọ ọ́."

"Ó ní: 'Ìbídùn, mo mọ̀ pé o bímọ. Wọn ò sọ fún mi, wọ́n ní kí n má bàa ro ó, ṣùgbọ́n ògiri yìí ò nípọn. Mò ń gbọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ké. Mo wà lẹ́nu odi níjọ́ tí wọ́n lé àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde, àwọn tó ru páìpù wá láti odò. Wọn ò ké. Wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n dúró. Wọ́n rò pé ẹrù la fẹ́ lọ gbé wá. Ohun tí kò mọ̀ pé a ti lé òun, ta ló máa bá a bẹ̀bẹ̀? Òkú nìkan ló kù fún un, torí òkú nìkan ni kò bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ọmọ tiwa mọ̀ ọ́n ké, ó sì ní yín. Adéwùsì. Nígbà tó o tẹ̀ ba láti gbé mi dìde láàárọ̀, ọwọ́ mi bọ́ sí ọ lọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkejì ti ìyá yín ni, èyí tó o sọ fún ìlú pé a ṣèèṣì sin mọ́ ọn. Mo mọ̀ ọ́n, ó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe tèmi, mi ò lè pín in, Olùgbọ́ yìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni, ọmọ mi. Bọ́ ọ. Fi kọ́ ọmọ àbúrò rẹ lọ́rùn. Mo ti sọ̀rọ̀ tán.'"

Nígbà tí mo la ojú, àwo ti funfun padà lábẹ́ ọwọ́ mi, gbogbo gbọ̀ngàn sì ti kọjú sí ọrùn Bùrọ̀dá Adéwùsì.